Ẹrẹ̀ Ara Ẹ̀wù

Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ́,
síbẹ̀ àwọn èèyàn ń jókòó ní ibùdókọ̀
lórí bẹ́ǹṣì tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.
Ohun mìíràn ni wọ́n ń dúró dè:
kí Ìràwọ̀ Òkè kúrò ní ìpele kẹta.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí a ti wà níbẹ̀.
Ọmọ tí mo pọ̀n lọ sí pápá
lọ́jọ́ tí ó ku díẹ̀ kí a gòkè
ti ń fá irùngbọ̀n.

Bàbá Pọnsíànù, tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń kọjá,
ló kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀:
"Ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti mú Yárù wá láti Pàrákú!
Góòlù mọ́kànlá ló gbá wọlé lọ́dún tó kọjá."
"Mẹ́jọ ni," ni Nàsírù oní-sémíjàn wí.
"Mẹ́ta nínú ẹ̀, pẹnáritì ni."
"Pẹnáritì kì í ṣe góòlù ni? Ṣé orí igi ló ti ń so?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn ewúrẹ́ fi dìde lójú irin.

Ó kan Dósù, ọmọ Bọ̀hìkọ̀n,
tó ń sáré bí ẹni tí olówó ń lé.
Ó kan aṣọ́lé tuntun: kò gbọ́ èdè wa,
"àmọ́ ṣé ẹnu ló fi ń mú bọ́ọ̀lù?"
Nàsírù mú èédú, ó ń ka máàkì sára ògiri:
a ó na Kétu nílé,
a ó bá Dàsá ta ọ̀mì,
Pobẹ̀ á wá, ojo á rọ̀, a ó nà wọ́n nínú omi.
Kí n tó ṣẹ́jú, a ti gòkè lára ògiri.

Èmi ò wí nǹkan kan.
Èmi ni mò ń fọ ẹ̀wù wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí a bá Gíláàsúé gbá ti ọ̀rẹ́,
òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, pápá di ẹ̀kọ.
Ẹ̀wù kẹsàn-án, ti Yárù,
lọ́fínńdà ló ń rùn.
Kò sí koríko ní ìgúnpá, kò sí ẹrẹ̀ láyà;
omi lásán ni mo fi ṣàn án.

Ẹ̀wù kẹta, ti Ṣàbí,
ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ,
tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Kàbúà pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lọ́rùn,
ilẹ̀ pupa ti wọ inú òwú rẹ̀.
Èjìká ya. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín wà létí ọrùn.
Ó jẹ ọṣẹ tó ìdajì,
mo sì fi òwú funfun rán an, torí kò sí búlúù.

Bí mo bá sọ ọ́,
wọ́n á ní kí ni alágbàfọ̀ mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù.
Ẹ̀wù náà sì lè purọ́.
Bóyá Yárù ń pa agbára mọ́.
Bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì mọ ilẹ̀ wa.
Gbogbo wa la mọ igi kajú:
òdòdó á yọ, ọyẹ́ á fẹ́,
ẹni tó ti fi èso rẹ̀ jẹ gbèsè á máa wojú ọ̀run.

"Ìyá Felisítì," ni Bàbá Pọnsíànù wí, "o dákẹ́.
Ìwọ kí lo rí sí i?"

"A ó gòkè."
Ẹnu mi ló sọ ọ́, kò bi mí kó tó sọ ọ́.
Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé mo ti gbá a wọlé.

Ọṣẹ méjì ni mo máa ń rà fún ọ̀sẹ̀ kan.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo sanwó, mo rìn dé ọ̀nà,
mo tún padà, mo mú ẹ̀kẹta,
àti òwú búlúù.